Ọdún Tí Ẹja Sá Kúrò Nínú Ákàjà Wa

Òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà ní Ìwòrò kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Bí mo bá ń fọṣọ tí òórùn náà gòkè wá, ọdún tí ọmọ ọmọ mi obìnrin ń parí yunifásítì ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ ẹja ló ń kọ́ níbẹ̀. O mọ̀ pé èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí yé mi: ìjọba gé owó tí wọ́n ń fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sí owó epo mọ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú adágún ẹja wọn dákẹ́, ẹja tí ọmọ náà fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá sì kú tán.

Ó wá bá mi nídìí ààrò tí mo ti ń yan ẹja. Kò sunkún. Ó ní, "Màmá, olùkọ́ wa ní kí n wá ẹja síbòmíràn, àbí kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ta ló mọ ohun tí wọ́n tún máa gé lọ́dún tó ń bọ̀?"

A ní ákàjà kan lójú ọ̀sà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí ọkọ mi gún sínú omi bí ọgbà kó tó kú, kí ẹja lè máa sá sí, kí wọ́n sì máa bí síbẹ̀. Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í wọ inú ákàjà títí di ọjọ́ tí ẹbí máa fi àwọ̀n yí i ká láti kó ẹja. Ẹja ọdún yẹn la fẹ́ fi tún òrùlé ilé ẹbí ṣe, torí ó ń jò.

Mo lọ bá àbúrò ọkọ mi, òun ni olórí ilé, pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa wọbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa wọn ẹja, kó sì máa dá wọn padà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹja kì í ṣe ẹni tí à ń lọ kí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á kó lọ."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Òrùlé lè dúró, ọmọ ò lè dúró."

"Yàrá yín lòjò máa kọ́kọ́ wọ̀ o."

"Mo ní báàfù."

Ó gbà, ó ní kí ọmọ má gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì débẹ̀, kó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kékeré. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Á gun kẹ̀kẹ́ wá láti ilé-ìwé, ẹrẹ̀ á mù ún dé ìbàdí, á máa fi rúlà wọn ẹja bí aránṣọ tó ń wọn ọmọ tí ò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́.

Nígbà tó ṣe tán, a ṣí ákàjà. A yí àwọ̀n ká, a fa igi tu, agbọ̀n tí a gbé wá sì pọ̀ ju ẹja lọ. Àwọn ìyàwó ilé ń wò mí. Àbúrò ọkọ mi ká àwọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ bi ọmọwé yín, ó mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." A rẹ́rìn-ín, èmi pàápàá. Owó òrùlé ò pé, òjò ọdún yẹn sì wọ yàrá wa bó ṣe sọ.

Ọmọ náà parí lásìkò. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọn ò ní ọ̀sà lẹ́yìnkùlé ṣì ń dúró nígbà náà. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé orí bá mi ṣe é, pé ilé-ìwé ìjọba ò wọ́n. Mi ò bá wọn jiyàn, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ihò tí ìjọba bá dá sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé owó, ilé ẹnì kan ni wọ́n ti máa ń wá ohun tí wọ́n á fi dí i. Lọ́dún yẹn, ilé wa ni.