Ìṣẹ́jú Kan fún Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo kọ́kọ́ pa bàbá mi. Bírò ni mo fi pa á, nínú kíláàsì wa ní Sùúrùlérè, nígbà tó ku ọdún kan kí n jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Ìdíje kan ló fà á. Wọ́n ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè wa, kí àwọn tó bá yege wá sọ ọ́ níwájú èrò ní gbọ̀ngàn kan ní Yábàá. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, àwọn onígbọ̀wọ́ ìdíje náà ni yóò san owó yunifásítì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò ní ọ̀nà mìíràn. Bàbá mi ń ta àlòkù gíláàsì ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, ìyá mi ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àtijẹ àtimu ni gbogbo rẹ̀ sì ń bá lọ.

Àròkọ tí mo kọ́kọ́ kọ, bàbá mi ló dá lé lórí. Ọkùnrin náà fẹ́ràn Nàìjíríà débi tó fi ń bíni nínú. Gbogbo ọjọ́ òmìnira ló máa ń so àsíá mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kó lọ gba owó oṣù rẹ̀ ní Àbújá. Mo kọ gbogbo èyí. Tíṣà obìnrin tó ń múra wa sílẹ̀ kà á tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa o," ó ní, "àmọ́ ta ló máa sunkún tìtorí gíláàsì ọkọ̀? Ká ní sójà ni dádì ẹ, tó kú sójú ogun lókè Ọya ńkọ́? Àròkọ ṣáà ni. Ta ló fẹ́ lọ wádìí ẹ̀?"

Ó yẹ kí ara mi bù máṣọ. Nílé wa, wọn kì í pe alààyè ní òkú, kódà nínú ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi kọ ọ́, mo sì fi tan ara mi jẹ pé ikú tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kì í mú ẹnikẹ́ni.

Mi ò fi hàn wọ́n nílé. Bàbá mi ní òun ò ní lè wá, pé ọjọ́ náà gan-an ni ọjà tuntun ń wọlé. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ pé. Mo sọ bí wọ́n ṣe fi àsíá bo pósí bàbá mi, mo sọ bí mo ṣe ṣì fẹ́ràn ilẹ̀ tó torí rẹ̀ kú. Ìyá kan lára àwọn adájọ́ yọ áńkáṣíìfù. Nígbà tí mo parí, alága ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti bọ̀wọ̀ fún akọni tó lọ náà.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ìgbà yẹn ni mo rí bàbá mi ní ìlà tó kẹ́yìn, nínú bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá láì sọ fún mi. Bí àwọn yòókù ṣe dìde lòun náà ṣe dìde. Ó ṣí fìlà, ó dorí kodò, ó sì dúró jẹ́ẹ́ fún òkú ara rẹ̀ títí ìṣẹ́jú náà fi pé.

Èmi ni mo gba ipò kìíní. Alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni bá mi wá láti ilé, kó bọ́ síwájú ká jọ ya fọ́tò. Mo wo ìlà ẹ̀yìn. Bàbá mi mi orí díẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Mo ní, "Rárá, sà."

Ó dúró dè mí lódìkejì títì pẹ̀lú ìgò móòtì tútù kan lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Dìde jàre. Ó kéré tán, o jẹ́ kí n di sójà kí n tó kú." Ó gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín. "Gbọ́ mi, wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ títí wàá fi jáde. Ṣó o gbọ́? Wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ ẹ ni."

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ nígbà tá a délé ròyìn fún un. "Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́," ó wí, ó sì ní kí n kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, kí n fi ẹnu ara mi gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbà á padà. Ṣùgbọ́n ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí òbí, lọ́dọọdún ni ìyá mi sì máa ń fàmì sí ibi tí wọ́n kọ "opó" sí, tí ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, tó ń jẹ ẹ̀bà. Lẹ́yìn náà, kì í dá mi lóhùn dọjọ́ kejì. Ó tọ́ sí mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kẹrin mi ní yunifásítì, bàbá mi ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí wọ́n sì tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ará ilé tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló pa á. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹta tí a fẹ́ ṣe fídáù rẹ̀ gan-an ni àwọn onígbọ̀wọ́ ti dá fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n wá bá àwọn olùdíje tuntun sọ̀rọ̀ nípa bàbá mi tó kú sójú ogun. Mo ní láti tọrọ ààyè. Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ pé bàbá mi kú, mo sì pa á rẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó ti kú tipẹ́.

Níkẹyìn, mo kọ ọ́ pé àbúrò bàbá mi kan ló kú. Wọ́n tètè dáhùn. Wọ́n ní àwọn bá mi kẹ́dùn, pé àwọn yọ̀ǹda ọjọ́ kan péré fún mi, nígbà tí kì í ti í ṣe òbí mi gan-an ló kú. Mo fèsì pé mo dúpẹ́.