Ìdérí Ọkọ̀ Augustin

Bí ẹ bá dé Banigbé, tí ẹ béèrè Ògúnyẹmí gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọdé á nawọ́ sí ilé rẹ̀ fún yín. Ilẹ̀kùn àti pósí niṣẹ́ rẹ̀. Ìgbéraga sì wà níbẹ̀, ẹ má tan ara yín! Tó bá kan ilẹ̀kùn tán, á tì í, á mú ọmọ àgbàdo kan, á ní kí onílé wá ibi tó lè gbà kọjá. Bí ọmọ àgbàdo bá ríbi kọjá, ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn, á tú u palẹ̀. Gbogbo agbègbè Ifangni ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Augustin. Augustin ò fẹ́ràn ayùn, omi lojú rẹ̀ ń wò. Lọ́jọ́ tó ní òun ń lọ sí Àjàṣẹ́ láti máa fi ọkọ̀ onígbòkun kó ẹrù lórí ọ̀sà, inú bí baba rẹ̀ débi pé ó sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé: "Máa lọ. Omi ni yóò gbé ọ." Háà! Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Augustin kó aṣọ rẹ̀, kò padà wá mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Bí òjò bá ti ṣú, baba á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bá ara rẹ̀ jà. Ó ń wá ọ̀nà tó máa fi kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, kò rí.

Àfi bí Fortunée, ìyàwó Augustin, ṣe bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà zémijan nígbà ọyẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ tinú rẹ̀. Ọkọ̀ tí Augustin rà ti gbó. Ihò kan wà láàárín pákó òkè rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ níbi tí ẹrù wà. Olè ti gbé ìdérí ihò náà lọ kí Augustin tó rà á. Ó ń fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n ìgbì ń fọ́n omi wọlé. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ rì.

"Ẹ bá wa ṣe ìdérí, Bàbá. Mo ti wọn ihò náà." Ó fa okùn kan yọ, ó ti so kókó síbi tí gígùn rẹ̀ mọ, ó so òmíràn síbi tí ìbú rẹ̀ mọ.

"Òun ló rán ọ?"

Fortunée wolẹ̀. "Rárá o. Tó bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, kò ní fọwọ́ kàn án. Màá ní mo rà á lọ́wọ́ mẹ́nísíyè kan, gbẹ́nàgbẹ́nà bíi tiyín, ní Igolo ni."

Ó dun Ògúnyẹmí wọ eegun. Síbẹ̀ ó gbà, nítorí ó rò ó pé bí ìdérí yìí bá gba ọmọ òun lọ́wọ́ omi, ọ̀rọ̀ ẹnu òun ti di òfo nìyẹn. Ìrókò tó ti gbẹ dáadáa ló yàn. Ó rẹ́ ẹ, ó fá a, ó kan férémù tó máa jókòó sínú ihò náà, ó ṣe ìdérí sínú férémù, ó wá fi ọmọ àgbàdo dán an wò bí ẹni ń dán ilẹ̀kùn wò. Àní atẹ́gùn ò ríbi gbà! Ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀, tó dàgbà sórí ilẹ̀, ta ni ì bá sọ fún un pé igi tó ń gbé lórí omi a máa fẹ́ àyè díẹ̀ láti wú? Kò bi ẹnikẹ́ni. Ṣé ọ̀gá ń béèrè iṣẹ́ ni?

Fortunée gbé ìdérí náà lọ fún ọkọ rẹ̀. Òjò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì jà láti Àjàṣẹ́ dé Ifangni, ó ṣí òrùlé. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé ọkọ̀ kan rì lórí ọ̀sà. Ògúnyẹmí pe Fortunée lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Ó ju ayùn sílẹ̀, ó gun zémijan pẹ̀lú eruku igi lára. "Ògún, má jẹ́ kó ṣẹ. Ògún, má jẹ́ kó ṣẹ," ló ń wí títí wọ́n fi dé.

Nígbà tó dé etí ọ̀sà, ọkọ̀ Augustin wà níbẹ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò rì. Augustin fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àáké, ó ń tu ohun tó ṣẹ́kù lára ìdérí náà. Bó ṣe rí baba rẹ̀, ó ju àáké nù, ó fò sínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó jáde, ó wá dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etí omi. "Bàbá! Ẹ wá? Ẹ wá wò mí?" Ògúnyẹmí gbé e dìde. Àwọn méjèèjì sunkún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ọkùnrin kì í sunkún.

"Orí ló kó mi yọ, Bàbá. Ẹ wo ìdérí tí Fortunée rà fún mi ní Igolo. Bí omi ṣe kàn án, ó wú, ó há pinpin. Ọkọ̀ ń jò nísàlẹ̀, omi ń kún ikùn rẹ̀, mi ò sì rọ́nà wọlé lọ gbọ́n ọn. Àfi ìgbà tí mo fi àáké là á." Ó rẹ́rìn-ín. "Mẹ́nísíyè yẹn, pósí ló yẹ kó máa kàn!"

Fortunée tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ dúró gbagidi. Ògúnyẹmí wo ìrókò rẹ̀ tó ti di wẹ́wẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí padà, ṣé kó tún fi ẹnu ara rẹ̀ lé e lọ?

"Bóyá ó ti darúgbó," ló wí.

"Bon, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣe òmíràn, Bàbá. Ẹ̀yin ò lè ṣe irú iṣẹ́ burúkú báyìí láéláé."

Ògúnyẹmí ní òun ti gbọ́. Fortunée gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́.