Ìyá Mi Nílé Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà

Ọjọ́ tí mo fi mọ́tò gbé ìyá mi lọ wo ère Búdà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tó mi ní Peckham nílùú òyìnbó níbí. Màmá wá kí wa láti Ìsẹ́yìn, ọmọ mi Sẹ́kínà sì ní ká mú wọn jáde. Mi ò wo máàpù rárá.

A bọ́ bàtà, bàbá olórí fífá kan, àlùfáà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, mú wa wọ gbọ̀ngàn. Orí ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Níbi tí mo ti ń ya fọ́tò, mi ò rí Màmá mọ́. Ìgbà tí màá fi yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ère, wọ́n ti foríbalẹ̀. Èmi tí mò ń jókòó níwájú ní mọ́ṣáláṣí, kí ni màá sọ fún Lèmọ́mù?

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ère. Wọ́n sálámà parí ìrun wọn, wọ́n wò mí.

"Mo bi ọ́ léèrè Kíbùlà, ibi tí màá kọjú sí kírun, nínú mọ́tò, o ní ká ṣì dé ibẹ̀ ná. Bàbá olórí fífá yìí ló fi fóònù wò ó fún mi, ó tún tẹ́ ẹní."

Sẹ́kínà rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ̀nà o."

Mo ti ròyìn ọjọ́ náà fún Lèmọ́mù fúnra mi. Wọ́n ní ìyá mi mọ̀nà jù mí lọ. Ìyá ta sì ni? Tèmi ni.