Ọjọ́ Tí Wọ́n Ya Fíìmù Nílé Phebe

Ọmọ Iléṣà ni Phebe, ilé Mẹ́tọ́díìsì ló dàgbà sí, aṣọ ilé-ìwé ló sì ń rán jẹun. Nígbà tí Ọlágòkè ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, wọ́n kọ́lé sí Ìdó-Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó lọ nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì wọ́n jù. Ilé náà dára: ó ní géètì, ó ní ẹ̀rọ omi. Ọ̀rọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí Wisdom ọmọ wọn ti lọ sí yunifásítì, "ẹ káàbọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" ni gbogbo ohun tí tọkọtìyàwó ń bá ara wọn sọ.

Ọlágòkè ní obìnrin kan ní Òṣú, Julianah lorúkọ rẹ̀. Micah, ẹ̀gbọ́n Phebe tó ń dáko kòkó, ló rí Ọlágòkè níbẹ̀ tó gbé ọmọ ọwọ́ tí imú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Wisdom. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Phebe bi ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé Bíbélì, ó fi búra. Ó tún bi í nígbà mìíràn. Ọkùnrin náà fi oúnjẹ sílẹ̀, ó jáde. Àwọn ìyá ìjọ ní kó máa gbàdúrà. Àdúrà kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Kò fẹ́ kó ẹrù, kò sì fẹ́ bá obìnrin kankan jà ní títì. Ó kàn fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Irọ́ yẹn ń dùn ún ju obìnrin náà lọ.

Àsìkò yìí ni àwọn onífíìmù dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ lo pálọ̀ wọn. Fíìmù ọ̀hún dá lórí àwọn ọkọ tó ń yan àlè ní àdúgbò titun bíi tiwọn. Ọlágòkè gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ń mi orí, ó ń dá àwọn ọkùnrin inú ìtàn náà lẹ́bi. Èèyàn mà láyà o!

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n wá ya fíìmù náà, mọ́tò bàjẹ́ ní Ìwarajà mọ́ àwọn òṣèré méjì tó yẹ kó ṣe tọkọtìyàwó àdúgbò lọ́wọ́. Nùrẹ́nì, olùdarí, yíjú sí àwọn onílé.

"Bàbá, ẹ gbà wá. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀yin á wọlé, màmá á bi yín níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Kò sí àkọ́sórí. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ nílé."

Ọlágòkè wọ agbádá, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Phebe jókòó. Wọ́n tan iná sí wọn, ọkùnrin náà sì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ káàbọ̀," ni Phebe wí. "Òṣú ńkọ́? Ọmọ Julianah ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ọlágòkè. Ó wo kámẹ́rà, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ dúró!" Inú Nùrẹ́nì ń dùn. "Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe! Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ dákẹ́ jù. Wọ́n bi yín léèrè, ẹ dáhùn. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ọlágòkè jáde, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Phebe lè yí ìbéèrè náà padà, ṣùgbọ́n kò yí i.

"Ẹ káàbọ̀. Ọmọ Julianah ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn?"

Ọlágòkè ṣí fìlà lórí.

"Ó ti ń rìn, Ìyá Wisdom," ló wí. "Láti oṣù tó kọjá. Obìnrin ni."

Nùrẹ́nì ń jó lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Ẹ ṣeun," ni Phebe wí. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Nígbà tó dé, ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ.