Ìyá Òkè àti Ìyá Ìsàlẹ̀ nínú Bàlúù Alájà Méjì

Ìyá méjì ni mo ní nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Ìyáálé ilé ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi kọ́, Ìyá Òkè la sì ń pè wọ́n. Ìyá tó bí mi ń gbé nísàlẹ̀, wọ́n sì ń ta abọ́ tánganran ní Ọjà'ba láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá Òkè kò bímọ. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn jù nígbà tí mo wà ní kékeré.

Nígbà tí bàbá mi kú ni ìjà wọlé. Yàrá bàbá mi wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Mápó. Ìyá mi ní kí n kó síbẹ̀, torí mo ti dàgbà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Bẹ́rẹ, mo sì fẹ́ gbéyàwó. Ìyá Òkè ní kò sẹ́ni tó máa sùn lórí ibùsùn ọkọ àwọn. Wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ìyá mi méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Ìyá Òkè bá fẹ́ nǹkan, wọ́n á yọjú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Bá mi sọ fún ìyá ẹ pé kó ṣẹ́ omi kù fún mi nínú àmù." Ìyá mi á sì gbọ́ kedere, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n máa dá lóhùn: "Sọ fún wọn pé omi ń bẹ."

Bá a ṣe wà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọkàn àwọn méjèèjì fi fà sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan náà. Kálukú wọn ló pè mí sí kọ̀rọ̀ láti sọ fún mi. Obìnrin kì í dá rin ìrìn àjò yẹn nígbà náà láìsí ọkùnrin tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, èmi nìkan sì ni ọkùnrin tí àwọn méjèèjì ní. Báyìí ni mo ṣe mú wọn lọ, láàárín àwọn ọdún 1980. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa dé Èkó, ọ̀kan jókòó síwájú, èkejì jókòó sẹ́yìn, èmi wà láàárín, mò ń wo igbó tó ń sáré lọ.

Bàlúù tí mo ti ń rí lójú ọ̀run láti kékeré kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Èyí tó dúró dè wá ní Èkó ga ju ilé wa lọ. Fèrèsé rẹ̀ tò gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, fèrèsé kéékèèké mìíràn sì tún wà lókè, níhà orí rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan gbé ilé kékeré lé orí ilé ńlá.

Ìyá mi dúró, wọ́n gbójú sókè. "Àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni?"

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Ìyá."

Omidan òyìnbó kan tó ń tọ́jú èrò yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wa wò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí èmi àti ìyá mi gun òkè. Ó ní kí Ìyá Òkè máa lọ sápá ẹ̀yìn, nísàlẹ̀. Mo rí ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìyá mi. Ìyá Òkè tún ìborùn wọn ṣe. "Ibi tí Ọlọ́run bá fi mí sí, ibẹ̀ ni mo wà," ni wọ́n wí, wọ́n sì tẹ̀ lé èrò lọ.

Mo sìn wọ́n dé ìjókòó wọn. Gbọ̀ngán ni inú ọkọ̀ náà, ó gùn débi pé ojú mi ò rí ìparí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà méjì ló gba inú rẹ̀ kọjá. Èèyàn mẹ́ta jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, mẹ́rin sì fún ara wọn láàárín. Àárín yẹn ni wọ́n fi Ìyá Òkè sí. Orúnkún wọn kan ẹ̀yìn àga iwájú.

Lẹ́yìn náà ni mo gun àtẹ̀gùn. Ó rí kíríkírí, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló gbà lẹ́ẹ̀kan. Òkè kéré, ó pa rọ́rọ́. Ògiri rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ìdí ìkòkò, torí náà àyè kan ṣẹ́ kù láàárín àga àti fèrèsé. Wọn ò fi àyè yẹn ṣòfò. Wọ́n ṣe àpótí gbọọrọ kan síbẹ̀ tó ní ìdérí, èèyàn lè kó ẹrù sínú rẹ̀, ó sì lè gbé apá lé e lórí. Mo ṣí i, mo pa á dé. Mo tún ṣí i. Ìyá mi ní, "Jókòó, jọ̀ọ́. O ò wá síbí wá ṣiṣẹ́."

Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò nínú iṣẹ́. Gbogbo nǹkan ló wà nínú nǹkan mìíràn. Tábìlì jáde láti ẹ̀yìn àga. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kàn fún àwọn oníyàwó tuntun, síbẹ̀ omi wà nínú rẹ̀, dígí wà, iná wà. Àwọn baba àgbà kan gbé búútà dání, wọ́n tò síwájú rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá a lè ṣí fèrèsé díẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé.

A gbéra. Ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ yanrìn, kò sì sí nǹkan kan mọ́ ju ìkùukùu lọ. Ìyá mi ń wò, ẹnu wọn ń mì sí tẹ̀sùbáà. Ara mi fúyẹ́. Ó dà bí ìgbà tí a ò lọ síbì kankan, tí a kàn dúró sínú ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo Ìyá Òkè, mo bá wọn tí wọ́n di apá àga mú. Orúnkún wọn ti wú. Òtútù mú wọn, omi sì wà lójú wọn.

"Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Ẹsẹ̀ yìí ni. Kò ríbi nà. Má sọ fún ẹnì kankan."

Mo bá omidan náà sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo àga ló kún, àfi tí ẹnì kan bá fẹ́ pààrọ̀. Mo tún gun òkè, mo sọ fún ìyá mi bí nǹkan ṣe rí. Wọn ò wo ojú mi.

"Ṣé àwọn ni wọ́n ní kí o wá sọ fún mi?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnì kankan."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá dìde, wọ́n di àtẹ̀gùn yẹn mú, wọ́n ń fẹ̀yìn sọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn gba àárín gbogbo èrò náà kọjá títí wọ́n fi dé iwájú ìyáálé wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Ìyá wa, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sókè."

Ìyá Òkè wò wọ́n.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí. "Ta ló máa wá jókòó síbí?"

"Ọmọ wa ni."

Ká tó gun àtẹ̀gùn kíríkírí náà tán, ojú rí nǹkan. Ìyá mi wà lókè, wọ́n ń fa ọwọ́. Èmi wà nísàlẹ̀, mò ń fi èjìká ti ìdí. Ní ìdajì ọ̀nà, Ìyá Òkè dúró, wọ́n ní, "Ẹ má pa mí o, mi ò tíì dé Mẹ́kà," ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba gbogbo agbára wọn, a sì ní láti dúró kó tán ká tó lè tẹ̀ síwájú.

Mo wá jókòó nísàlẹ̀, láàárín àwọn mẹ́rin. Oòrùn ń wọ̀ kíákíá ju bó ṣe ń wọ̀ nílé lọ. Ìmọ́lẹ̀ pupa wọlé láti fèrèsé ẹ̀yìn, ó gba orí àwọn èèyàn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ara mi, ó sì lọ. Ní gbàgede kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin ń kírun ìrọ̀lẹ́ ní méjì méjì, aṣọ funfun tí a kò fi abẹ́rẹ́ rán sì wà lọ́rùn wọn. Àwọn méjì á kúrò, méjì mìíràn á bọ́ síbẹ̀. Àwọn tó kù ti sùn, wọ́n fi orí lé ara wọn léjìká, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Èmi náà sùn díẹ̀. Mo lá àlá pé bàbá mi ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà náà, wọ́n ń wá àga wọn.

Kí ọkọ̀ tó sọ̀, mo gun òkè. Ìyá Òkè ti na ẹsẹ̀ lé orí àpótí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìyá mi sì ń fi òrí pa á fún wọn. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni wọ́n ń sọ, bí wọ́n ṣe máa ń hanrun. Ìyá Òkè rí mi.

"Tá a bá délé, wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láàárín àga, bí àyè ṣe gbà mí mọ.

Nígbà tí a padà délé, orúnkún Ìyá Òkè ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n kó wá sísàlẹ̀, sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Èmi àti ìyàwó mi ló kó lọ sókè, sí yàrá bàbá mi. Àwọn ìyá mi méjèèjì ṣì ń jà, lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí ẹni tó kàn láti gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pè mí sí i mọ́.

Bí àlejò bá wá kí wọn kú àbọ̀, Ìyá Òkè á máa ṣàlàyé bàlúù náà: bí inú rẹ̀ ṣe gùn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé alágbẹ̀dẹ. Ìyá mi á ní, "Ìyá wa, kò gùn tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n á ní, "Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀. Jẹ́ kí n sọ tèmi." Wọ́n á sì máa bá a lọ, títí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ àlejò náà lọ́wọ́.