Etí Kóńgò Ìyá Kíkẹ́

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa ní Ugbor, ó ń fi ife ya róbótó sínú ìwé. Kọ́ńpáàsì rẹ̀ ti sọnù. Bí mo ṣe gbọ́ ìró pẹ́ńsù tó ń yí etí ife ká, inú mi bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, èmi náà sọ kọ́ńpáàsì nù rí. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni bàbá mi, kì í gba gbẹ̀rẹ́, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n sọ fún un. Kíkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló gbà mí. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí ní ọjà Santana, ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ la ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí gàrí á kún àárín ìwé wa. Kíkẹ́ da kóńgò ìyá rẹ̀ dé ìwé mi, ó fi pẹ́ńsù yí i ká, ó sì ya tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá fa igi ìgbálẹ̀ méjì yọ, ó tò wọ́n kí orí wọn pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kan etí kóńgò níbì kan péré.

"Wo igun tí wọ́n ti pàdé," ó ní. "Yọ ọ́ nínú ọgọ́sàn-án digírì. Iye tó kù ni ìwọ̀n etí kóńgò tó kọjú sí igun yẹn, láàárín igi méjèèjì."

Igun náà jẹ́ àádọ́ta, àádóje ló kù. Mo fò sókè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da gàrí oní-gàrí nù.

Àmọ́ etí kóńgò náà ti tẹ̀ wọnú níbì kan. Tíṣà rí àpá kan náà lára róbótó wa méjèèjì, ó sì bèèrè ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

"Na me, sir," ni mo yára wí.

Tíṣà gba ọmọ òṣìṣẹ́ báǹkì gbọ́. Kíkẹ́ wò mí, ó na ọwọ́ fún ẹgba mẹ́fà. Kò pè mí sẹ́yìn ìsọ̀ mọ́. Kí sáà tó parí, òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Oǹdó.

Mo ní màá wá a lọ lọ́jọ́ kan, kí n bẹ̀ ẹ́. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ pé ó ti kú. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Fóònù ń ṣírò fáwọn ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n ọgọ́sàn-án náà la ṣì ń yọ igun nínú rẹ̀. Mo fa igi ìgbálẹ̀ méjì yọ, mo tò wọ́n sétí ife.

"Ah, Grandma! Who teach you?"

Omi bọ́ lójú mi.

"Ọmọ ìyá oní-gàrí ni," mo ní. "Kíkẹ́ lorúkọ rẹ̀."