Làálì Tí Raheemat Pè Ní Iná

Ọdún kọkànlá rèé tí Raheemat, ọmọ Àpòmù, ti ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ọmọdé n'Ìkirè. Ọmọ tí wọ́n bá ń nà ní ìnà ìkà, ọmọ tí wọ́n bá ń febi pa, òun ló ń lọ gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ kan ti kú ní Wásinmi kí Raheemat tó débẹ̀, oorun ti dágbére fún un. Ó ń kírun, ó ń fa tẹ̀sùbáà, àmọ́ ìbéèrè kan há a lọ́fun: nígbà tí ọmọ yẹn ń ké, Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohun gbogbo, kí ló dé? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló dín.

Lọ́jọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, ó rí ọmọdébìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé kan n'Ìkirè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ó tún dúdú. Ló bá gbá ọmọ mú, ó figbe ta:

"Ta ló tọwọ́ ọmọ yìí bọná?"

Ìyá àgbà ọmọ náà, Sàlámọ̀tù, sáré jáde tòun ti abọ́ làálì.

"Iná kẹ̀? Làálì tí mo lé fún un rèé! Ìwọ yìí, ṣé ẹ kì í ṣọdún nílé yín ni?"

Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. "Wẹ́fíà fẹ́ mú làálì lọ sí tẹ́ṣàn o!"

Raheemat náà fẹyín, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Òun tí ìyá rẹ̀ ń lé làálì fún lọ́dọọdún!

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, gbọ́, ó ránṣẹ́ pè é, ó sì forúkọ ọmọ rẹ̀ pè é.

"Ìyá Mubashir, ẹ má bínú. Ẹ ò ní jáde iṣẹ́ mọ́, àfi tí dókítà bá kọ̀wé pé ẹ lè ṣe é."

Ẹ̀rù bà á. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé orí òun ti yí ńkọ́? Kí ni yóò tún máa jí ṣe?

Irọ́ ló tò lọ bá Dókítà Olúyínká: òun ń sùn, òun ń jẹun. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin tó ti ka lẹ́tà Afọláyan, kò tilẹ̀ béèrè ìyẹn.

"Mà, kí lorúkọ ọmọ Wásinmi yẹn?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. "Goodness," ni Raheemat wí, ó sì bú sẹ́kún. Ó sunkún títí ó fi sọ ìbéèrè ọ̀fun rẹ̀ jáde.

"Èmi náà ò mọ ìdáhùn rẹ̀, mà," ni dókítà wí. "Àmọ́ ẹ ò ya wèrè. Ó ti rẹ̀ yín ni."

Ó kọ ọ́ síwèé: ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó máa wá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá padà, kó má dá lọ sílé oníwàhálà mọ́.

"Ṣé iṣẹ́ mi ò lọ?"

"Ó ń dúró dè yín."

Nínú mọ́tò tó wọ̀ padà sílé l'Ápòmù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oorun gbé e lọ. Dẹ́rẹ́bà ló jí i.

"Màámi, a ti kọjá Àpòmù tipẹ́ o! Ẹ ń hanrun bí ẹni ń lọ ògì."

"Alhamdulillahi," ni Raheemat wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.